Yàrá mẹ́fà ní Sèmè, yàrá mẹ́ta ní Tokpota

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára ilé náà, ọ̀dà ni. Láti òkè wá sí ibi tí orúnkún mi mọ, ògiri náà jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tí oòrùn ti pa lára dà. Láti orúnkún dé ilẹ̀, ọ̀dà náà ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Mo fi èékánná họ ọ́. Ó bó wẹ́rẹ́, ẹbu funfun bí iyọ̀ sì dà sí mi lọ́wọ́.

Nínú ilé, alágbàtà tó mú wa wá ń ka yàrá. "Ìkíní nìyí, ọ̀gá. Ẹ wo ìkejì. Ìkẹta yìí, ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀." Bàbá àwọn ọmọ mi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dún láàárín ògiri òfìfo bí ohùn ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Inú rẹ̀ dùn. Yàrá mẹ́fà! Èmi dúró síta, mo ń wo ibi tí ọ̀dà àtijọ́ àti ọ̀dà tuntun ti pàdé.

Ọmọdékùnrin kan ń fi ọwọ́ yí táyà lójú ọ̀nà. Mo pè é, mo ní, "Ọmọ mi, ṣé omi máa ń dé ibí?" Ó wo ilé náà, ó wò mí, ó gbé ọwọ́ lé ìdí ara rẹ̀. "Ibí ló dé, màmá. Bàbá mi ló máa ń gbé mi kọ́rùn lọ síléèwé." Ó bá ti táyà rẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi nìyẹn. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó parí, bí ó bá ti parí rárá.

Ọdún 12 la fi gbé ilé onílé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, yàrá méjì àti pálọ̀, nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́rin ń lo ẹnu ọ̀nà kan. Nígbà tí ọmọ onílé fẹ́ gbéyàwó, wọ́n ní ká ṣí. A ní owó èésú, a ní èyí tí ọkọ mi gbà nígbà tí wọ́n ta oko bàbá wọn, a sì ní díẹ̀ tí èmi ń fi pamọ́ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí a tún yá díẹ̀, ó lè tó 20 mílíọ̀nù fráǹkì. A wo ilé títí ojú wa fi rẹ̀. Méjì ló kù. Ti Sèmè-Podji, lójú ọ̀nà Kútọnù: yàrá mẹ́fà, pálọ̀ tó lè gba ayẹyẹ, lórí odindi parcelle, ìyẹn ilẹ̀ ìkọ́lé kan, 500 mítà níbùú lóròó, mílíọ̀nù 18. Ti Tokpota, nínú Àjàṣẹ́ níbí: yàrá mẹ́ta, pálọ̀ tóóró, ààbọ̀ parcelle, 250, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 19 àti ààbọ̀. Ẹ má bi mí bóyá iye náà tọ́. Iye tí wọ́n pè é fún wa nìyẹn.

Ọkọ mi kò fi ti Tokpota pè. "Kí n san owó tó pọ̀ jù kí n gba ilé tó kéré jù? Ta ló ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí?" Òun ni àkọ́bí bàbá rẹ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àkọ́bí. Bí Iléyá bá dé, ilé rẹ̀ ni wọn yóò sọ̀ sí. Bí ẹnì kan bá kú, ilé rẹ̀ ni wọn yóò ti gba àlejò. "Ilé oníyàrá mẹ́ta," ó ní, "ilé ẹni tí kò ní ẹbí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Mo pe ìyá mi ní Kétu. Mo ka yàrá fún un, mo ka mítà, mo ka owó. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé iná fóònù rẹ̀ ti kú. Ó wá ní, "Ta ni ẹ jọ máa pín ògiri?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní, "Ẹ ti wo yàrá, ẹ ti wo páànù, ẹ ò tíì wo èèyàn."

Kò sẹ́ni tó ń béèrè iye yàrá ní Kétu tí ìyá mi dàgbà sí. Agbo ilé wo ni wọ́n ń béèrè. Agbo ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí gbogbo ẹni tó bá dé Kétu ń lọ wò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá mú mi lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, mo máa ń ka ilẹ̀kùn tó yí àgbàlá náà ká, n kò sì rí i kà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ilẹ̀kùn kan máa ń wà lẹ́yìn òmíràn. Ìyá mi ṣàlàyé fún mi pé wọn kò kọ́ ọ báyìí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ ìyàwó, wọn a po amọ̀, wọn a fi yàrá kan kún un. Bí ìyàwó bá bímọ mẹ́ta, a tún fi òmíràn kún un. Bí àgbàlagbà kan bá kú tí kò sẹ́ni tó gba yàrá rẹ̀, òjò a wó o, wọn a fi ibẹ̀ gbin ata. Ilé ń tóbi bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀, ó sì ń kéré bí wọ́n ṣe ń dín. Kò sẹ́ni tó kọ́ yàrá sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì bí.

Àwa ará ìsinsìnyí la kọ́kọ́ ń ka yàrá kó tó di pé a ka èèyàn. Mo rò pé símẹ́ńtì ló fà á. Amọ̀ ń gba àtúnṣe, símẹ́ńtì ń fẹ́ kó o mọ gbogbo ohun tó o fẹ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn, mo mú ìwé àjákọ ọmọ mi kékeré, mo ṣí ojú ewé ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù. Èmi ń kọ́ni ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ wa méjèèjì sì ń lọ síléèwé níbẹ̀. Bí a bá ń gbé Sèmè, èmi àti àwọn ọmọ yóò gun zem kan, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, láti ilé dé títì, 200. Láti títì, takisí dé Àjàṣẹ́, 300 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 900. Àlọ nìkan, 1,100. Àlọ àti àbọ̀, 2,200. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù: 48,400. Ọkọ mi, zem 200, takisí 400, àlọ àbọ̀ 1,200, oṣù kan 26,400. Gbogbo rẹ̀, 74,800.

Bí a bá ń gbé Tokpota, èmi àti àwọn ọmọ yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ mi nìkan ni yóò máa sanwó, 700 dé Kútọnù, 700 padà, 30,800 lóṣù.

Mo yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn: 44,000 lóṣù. Oṣù mẹ́sàn-án tí iléèwé fi ń ṣí, 396,000. Ọdún mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Mo fi gègé fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jí ọkọ mi.

Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, "Sèmè sún mọ́ ibi iṣẹ́ mi." Ó sún mọ́ ọn lóòótọ́. Ìwé náà fi hàn pé òun yóò jèrè 4,400 lóṣù tí a bá lọ síbẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ a sì pàdánù 48,400. Ó tún wò ó. Ó ní, "O ò ka táyà sí i," ó sì yíjú sí ògiri. Mi ò mọ táyà wo ló ń sọ. A ò ní ọkọ̀.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra Sèmè. Àìmọye èèyàn tó gbọ́n jù mí lọ ló wà níbẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2002, àwọn ará Sèmè-Podji jẹ́ 115,238. Nígbà tó fi di 2013, wọ́n ti di 222,701, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún 11. Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀, láàárín ìgbà kan náà, láti 223,552 sí 264,320 péré ló bọ́ sí. Ìgboro ti kún, Kútọnù ti wọ́n, ilẹ̀ àárín méjèèjì sì ń pe gbogbo ẹni tó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí èèyàn ń sáré lọ báyìí, ilẹ̀ rẹ̀ yóò lówó lórí, ìyẹn dájú. Ohun tí kò dájú ni ọjọ́ tí títì, omi ẹ̀rọ àti kòtò ìdaminù yóò bá àwọn èèyàn náà débẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyí kì í yá tó ti àwọn èèyàn.

Bí mo ṣe rí iná ibẹ̀ ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òpó tòótọ́ ti SBEE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ wa, parí lẹ́bàá títì. Láti ibẹ̀ lọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, wáyà sì ń lọ láti orí igi kan sí òmíràn, láti mítà iná ẹnì kan sí ilé èèyàn mẹ́jọ. Òwú aláǹtakùn la ń pè é níbí, ẹ sì mọ ìdí. A padà lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ní kí obìnrin ilé kejì jẹ́ kí n wo fáánù rẹ̀. Ní aago méje, nígbà tí gbogbo ilé ti tan iná, fáánù náà ń yí jẹ́jẹ́ débi tí mo fi lè ka abẹ́ rẹ̀: ìkan, èjì, ẹ̀ta. Gílóòbù pupa bí ojú ẹni tí kò sùn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, á tún le." Owó iná tirẹ̀ sì ju ti ẹni tó ní mítà lọ, nítorí ẹni tó ní mítà ni ó ń dá iye lé e.

Yàrá mẹ́fà nínú iná tó rí bẹ́ẹ̀. Fáánù mẹ́fà, gílóòbù mẹ́fà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ilé ńlá máa ń dà, kó wá sí ìgboro Àjàṣẹ́. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà wá, àti àwọn ọmọ wọn, kọ́ àwọn ilé kan síbẹ̀ tí ẹni tó bá rí i kò ní gbàgbé: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga onígi, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ ya sára ògiri, ọ̀dà pupa àti àwọ̀ ìyeyè. Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa pàápàá, ọwọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ilé náà tóbi, wọ́n wà láàárín ìlú, ọjà sún mọ́ wọn, títì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí èmi àti ọkọ mi ń jà lé lórí, wọ́n ní méjèèjì pọ̀.

Ẹ lọ wò wọ́n. Ọ̀kan wà tí mo ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, igi ọ̀pọ̀tọ́ ti hù láti ojú fèrèsé òkè, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti di ògiri mú bí ọwọ́. Ẹni tó kọ́ ọ kú, ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ. Àwọn tí ilé náà jẹ́ tiwọn báyìí lé ní 30, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Libreville, àwọn kan wà ní Paris. Ẹnì kan kò lè dá a tà láìgba àṣẹ àwọn yòókù. Ẹnì kan kò sì fẹ́ dá a tún ṣe fún àwọn yòókù. Ilé gbogbo ẹbí, kò sẹ́ni tó ń gbá a. Àwọn kan ti rí olóore, wọ́n ti tún wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ wà tí òjò ń jẹ.

Mo sọ fún ọkọ mi pé kí á rò ó dáadáa: ilé tí àwọn ọmọ wa lè pín tàbí kí wọ́n tà láìjà. Ó fi ojú burúkú wò mí. "O ti ń pín ogún mi, mo sì ṣì ń jẹun." Mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti rí bí wọ́n ṣe ta oko bàbá wọn, àti iye ìpàdé tó gbà.

Ìwé ló yí i lọ́kàn padà níkẹyìn, kì í ṣe èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú ní nǹkan bí ọdún 15 sẹ́yìn, 500 mítà gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe sọ. Ó gbin ọsàn mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn náà ni lotissement dé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń lọ nìyí: àwọn awọnlẹ̀ á wá, wọ́n á ya gbogbo agbègbè náà sórí ìwé, wọ́n á fa títì, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún iléèwé, fún ọjà, fún ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe gbogbo ìyẹn, láti inú ilẹ̀ olúkúlùkù ni wọ́n ti ń gé e. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún àwọn èèyàn tò, ìyẹn ni recasement: o lè bá ara rẹ níbi tó yàtọ̀ sí ibi tó o ti rà. Ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú 310 mítà, títì mẹ́ta sí ibi tí ọsàn rẹ̀ wà. Ẹlòmíràn ló ń jẹ ọsàn náà báyìí. Ó ní wọ́n máa ń kí òun bí òun bá kọjá.

Lotissement kò tíì kan ibi tí ilé Sèmè yẹn wà, ìwé tí olówó rẹ̀ sì ní kò ju ìwé ìtà lásán lọ. Ọkọ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó mọ̀ nípa ilẹ̀. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 2013 ti jáde, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fi ilẹ̀ sí ọwọ́ èèyàn pátápátá. Ìyókù, ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ni. Ó bi ọkọ mi bóyá ó ti wádìí lọ́dọ̀ ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní, "Nígbà náà, ìwọ kò tíì mọ̀ bóyá 500 lo fẹ́ rà." Ilé Tokpota ní titre foncier, lotissement ibẹ̀ sì ti parí kí wọ́n tó bí ọmọ mi àgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ mi sọ ohun kan tí mo ti kọ sẹ́yìn ìwé àjákọ náà kí n má bàa gbàgbé: "250 tó dúró, 500 tó ń rìn."

Nípa iye tí ilé ń pa tó bá dọjọ́ títà, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa kò dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà gbà pé ẹni tó ń ronú àtità ilé rẹ̀ ti fẹ́ kú tàbí ó ti fẹ́ jẹ gbèsè. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ti ọkùnrin kan tó ti òkè òkun fi owó ránṣẹ́, tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípele méjì sí ìdí ọ̀nà iyanrìn kan, láàárín ilé onípáànù àti ọgbà ẹ̀gẹ́. Táìlì ni wọ́n fi bo gbogbo iwájú rẹ̀, ó ń dán láti ọ̀nà jíjìn. Àìsàn mú un, ó ní kí wọ́n tà á. Àwọn tó wá wò ó kan sáárá sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n kan sáárá sí táìlì, wọ́n sì dá iye ilé tí wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lé e. Owó símẹ́ńtì rẹ̀ nìkan kò wọlé. Ẹni tó ní owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò fẹ́ gbé níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbé níbẹ̀ kò ní owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé kan kì í dá ìdí ọ̀nà sọ di ìgboro. Ní òdì kejì, mo mọ ilé játijàti kan nítòsí wa tí iye rẹ̀ gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án, kìkì pé wọ́n to òkúta sójú títì iwájú rẹ̀ nígbà Asphaltage, iṣẹ́ títì tí ìjọba ṣe, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n sì rì àwọn iná. Olówó ilé náà ń sùn lórí ẹní nígbà tí owó ń wá bá a.

Ilẹ̀ ló ń gòkè. Ilé ń gbó, láti ọjọ́ tí o ti wọ̀ ọ́. Páànù ń jò, kòkòrò ń jẹ igi àjà. Ẹni tó ní yàrá mẹ́fà ní páànù ìlọ́po méjì tí yóò máa jò.

A ra ti Tokpota.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dára níbẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ àwọn èèyàn tó máa ń sọ̀rọ̀ ilé wọn bí ẹni pé Ọlọ́run ló fọwọ́ kọ́ ọ fún wọn. Àpótí aṣọ ìgbéyàwó mi, onílẹ̀kùn mẹ́ta, kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé. A tì í síwájú, a tì í sẹ́yìn, a yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, kò wọlé. Káfíńtà kan wá, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ṣé kí n gé e?" Mo wọ ilé ìdáná kí n má bàa rí ayùn náà. Ìdajì rẹ̀ wà nínú yàrá wa lónìí, ìdajì kejì wà ní pálọ̀, a sì gbé tẹlifíṣọ̀n lé e lórí. Bùvẹ́ẹ̀tì kan, ilé ọtí, wà ní ìkóríta tó máa ń kọrin títí di òru ọjọ́ Sátidé. Ògiri tó wà láàárín àwa àti aládùúgbò wa tínrín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ mi wá gbé lọ́dọ̀ wa. Kí ni a fẹ́ ṣe? Yàrá ọmọ mi àgbà la fún wọn, òun bọ́ sí pálọ̀. Ọmọ mi àgbà ń múra BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ iléèwé girama, ní ọdún yẹn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń sọ̀rọ̀, bí màmá àgbà bá ń gba àlejò, kò sí ibi tí ọmọ náà lè ṣí ìwé sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí ìjókòó ìdáná jáde sábẹ́ iná ojú títì. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìwé lórí itan rẹ̀, kòkòrò iná ń fò yí orí rẹ̀ ká, mo sì rántí yàrá kẹrin ilé Sèmè, èyí tó ní fèrèsé méjì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Mo ríran dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó yege. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé iná ojú títì ló jẹ́ kó yege, n kò sì ní sọ pé àyè ò há.

Iléyá àkọ́kọ́ dé. Èèyàn 19. Mo kà wọ́n bí alágbàtà ṣe ń ka yàrá. Àwọn obìnrin gba yàrá, àwọn ọmọdé tẹ́ ẹní sí pálọ̀ láàárín ẹsẹ̀ àpótí aṣọ mi, ọkùnrin mẹ́fà kò sì ní ibì kankan. Àbúrò ọkọ mi ti ń wo òkè, ó ti ń fa ìmú. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Aládùúgbò wa, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, ló yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá wọn, yàrá méjì ṣófo lọ́dọ̀ mi, ọkọ mi kò sí nílé. Ẹ ní kí àwọn ọkùnrin máa bọ̀." Wọ́n sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó se ọ̀gì fún wọn láràárọ̀.

Láti ìgbà náà, àgbò rẹ̀ méjì ló ń gbé nínú ọgbà tiwa, nítorí òun kò ní àyè. A kò bá a sọ ọ́ rí. Ọ̀kan nínú wọn ti jẹ lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi láti ibi iṣẹ́.

Mo gba iwájú ilé Sèmè náà kọjá lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù kẹwàá. Ẹnì kan ti rà á. Wọ́n ti da iyanrìn sí gbogbo àgbàlá, wọ́n ti gbé ẹnu ọ̀nà ga ní bíríkì mẹ́ta, wọ́n sì ti kun odindi ògiri ní àwọ̀ ewé láti òkè dé ilẹ̀. Omi wà lójú ọ̀nà, kò tó nǹkan, ó mọ ní kókósẹ̀. Aṣọ ọmọdé tó pọ̀ ń bẹ lórí okùn. Mo ka mẹ́sàn-án kí zem tó ṣẹ́ kọ́nà. Wọ́n ti lo àwọn yàrá náà. Mo bá wọn yọ̀, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ mi kò tíì jáwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti Kútọnù dé, tó ti kírun tán, ó máa ń lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn àgbò wà, á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: mẹ́rin síbí, mẹ́ta sí ọ̀hún. Yàrá kan ṣoṣo, ó ní, pẹ̀lú fèrèsé kan, fún ọmọkùnrin. Lánàá, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fẹ́ ẹ̀wà, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó dé ẹ̀bá okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, wọ́n gbé atẹ́ sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ti tó," ni wọ́n ní. "Má fọwọ́ kan okùn mi."